Kókó Méjì Tí Kì í Ṣe Ọmọ Ìyá Kan

Inú ààwẹ̀ ọdún 1984 ni Sàúdátù, tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kọ́kọ́ ṣubú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, ló bá nà gbalaja. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ayé ti ní wárápá ni. Ọ̀gá ilé-ìwé gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Sàrátù àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé nílé bàbá wọn ní Ìrémọ, kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìpetumodù. Kò jà, kò bú u. Ó kàn lọ ni.

Sàúdátù kò bímọ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Ilé wá dákẹ́ débi pé ó máa ń tan rédíò sílẹ̀ kó tó jáde, kí ohùn ènìyàn lè pàdé rẹ̀ bó bá dé.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàkíyèsí pé ebi ló máa ń ṣíwájú àìsàn náà, pé bí òun bá ti rí ṣúgà lá, ara òun á wálẹ̀. Ó sọ fún Dókítà Oyèlárán nílé ìwòsàn. Ìyẹn dá a dúró, kò jẹ́ kó jẹun, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò títí tó fi dákú. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Kì í ṣe wárápá, tísà," ni dókítà wí. "Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù yín tó ń ṣètò ṣúgà. Ó jọ pé kókó kan wà lára rẹ̀. A máa yọ ọ́."

Wọ́n là á. Méjì ni wọ́n bá. Ọ̀kan kéré bí hóró ẹ̀wà. Wọ́n yọ ọ́. Èkejì le koko, ó ti lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Díẹ̀ ni wọ́n gé lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Ta ló wà pẹ̀lú yín?"

"Èmi nìkan ni. Ẹ sọ ọ́."

"Kókó méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí irú méjì bẹ́ẹ̀ pàdé lára ẹnì kan. Èyí tó ń gbé yín ṣánlẹ̀ ti lọ. Ẹ ò ní ṣubú mọ́. Èkejì, tí kò tíì ṣe yín ní nǹkan kan, òun ni jẹjẹrẹ. Kò ṣeé yọ."

Sàúdátù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ̀wé pé n kò ní wárápá. Ti kókó àkọ́kọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ."

Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó wọkọ̀ lọ sí Ìpetumodù, ó ka ìwé náà sí Sàrátù létí. Sàrátù kúnlẹ̀, ó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kó padà sí Ìrémọ. Oṣù mẹ́rin làwọn ọmọ fi ń pariwo káàkiri ilé, tí Sàúdátù ń bá wọn rẹ́rìn-ín, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń gbé sínú.

Nígbà tí ẹyinjú Sàúdátù wá pọ́n bí epo, Sàrátù lọ bá dókítà fúnra rẹ̀. Ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú nígbà tó padà délé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni," Sàúdátù dáhùn. "Ẹ̀rù bà mí pé o tún máa lọ."

Sàrátù kò lọ. Ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń sùn títí ọlọ́jọ́ fi dé.