Nígbà Tí Omi Kún Bo Ẹrẹ̀

Àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo ni àbúrò Ìyá Aránṣọ pa, gbogbo ẹyẹ tó wà lórí yanrìn sì gbéra fìrì. Àwọn àlejò tó kó wá gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n ń ya fọ́tò lọ ràì, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu wọn.

Inú bí Ìyá Aránṣọ gidigidi. Irú ìwà ọ̀dájú wo tiẹ̀ nìyí? Òkè òkun ni àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ yìí ti fò wá, wọ́n rù hangogo, ọ̀nà tó kù fún wọn láti fò ṣì jìn. Bí omi òkun bá fà, wọn a máa fi ẹnu tú ẹrẹ̀, wọn a máa ṣa aràn jẹ. Bó bá kún bo ẹrẹ̀, bó ti kún yìí, ibi ìsinmi kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni ìwọ̀nba yanrìn yẹn. Ẹni tó bá lé wọn níbẹ̀, okun tí wọn ó fi dé ilé ló ń gbà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wo ẹyẹ níbí kì í fi í lanu sọ̀rọ̀ bí omi bá ti kún. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Òun gan-an ló kọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ yìí. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Ó fà á lápá sẹ́yìn, ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí: "Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọ̀nà jíjìn làwọn èèyàn yìí ti wá."

"Àwọn ẹyẹ ńkọ́? Ìtòsí ni wọ́n ti wá?"

"Wọ́n á tún bà. Ẹyẹ ṣáà ni wọ́n."

Lóòótọ́, wọ́n tún bà, àmọ́ wọn ò pé mọ́. Àwọn tó padà fún ara wọn mọ́ra, wọ́n ki ẹnu bọ abẹ́ ìyẹ́. Ìyá Aránṣọ mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ́jú sí àwọn àlejò, tó sì tún na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Aláìlójútì! Ọ̀dájú! Fi wọ́n sílẹ̀, mo ní kó o fi wọ́n sílẹ̀!"

Gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀ ló fi kígbe náà. Ó ṣì fẹ́ sọ sí i, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wo òun nínú àwọn àlejò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ó yíjú padà. Yanrìn ti ṣófo, àwọn ẹyẹ náà ti ń fò lọ sójú òkun.

Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè. Wọn ò tíì kan ara wọn.