Irin Ẹnu Aláago

Ẹnu ni Aláago fẹ́ lọ tún ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló ń dẹ́rù bà á. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ káàkiri ni pé irin tí wọ́n fi dí eyín òun láti ìgbà ọ̀dọ́ ti gbó, pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n fi èyí tó funfun bí eyín gan-an rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ rò pé fáàrí ló fẹ́ ṣe. Ìyá oníbúrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ tiẹ̀ bi í pé, "Aláago, ta lẹ fẹ́ lọ rẹ́rìn-ín sí?" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí ẹni méjì lè dúró sí láì fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wọn. Aago kún ara ògiri: eléyìí ń dún kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀, tọ̀hún ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń yọ́ wọlé. Tábìlì iṣẹ́ wà lábẹ́ fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí rẹ̀ kí sukúrù tó bá bọ́ má baà sọnù. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí, tí yóò há awò dúdú kékeré kan sójú ọ̀tún, tí yóò sì fi ẹ̀mú tó tínrín bí irun ìpéǹpéjú máa gbé ohun tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn oníbàárà a máa kì í: "Aláago, a-jí-òkú-aago-dìde! Ọwọ́ jẹ́jẹ́ tí í tu irin nínú!" Inú rẹ̀ a dùn, a sì dáhùn pé, "Ọlọ́run ló ni ọwọ́. Èmi kàn ń yá a lò ni."

Láti ìgbà òjò ni ọwọ́ tó yá lò náà ti ń ṣe bí ẹni pé Ẹni tó ni ín fẹ́ gbà á padà. Iṣẹ́ tó máa ń parí kí oníbàárà tó jókòó tán ti wá ń gba odidi ọ̀sán. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ń bá a jà láàárọ̀. Ìka rẹ̀ á gbọ́ àṣẹ o, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ rò ó wò ná, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ nígbà tó ń ṣeré lọ́wọ́. Bí ọwọ́ yìí bá lọ, tábìlì abẹ́ fèrèsé lọ nìyẹn, Aláago náà sì lọ nìyẹn, nítorí kò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n lè máa pe òun.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kì í rí ìròyìn lórí fóònù kó má fi ránṣẹ́ kiri, ló mú ìtura wá. Ohùn ló fi ránṣẹ́, ariwo sì pọ̀ nínú rẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó gbọ́ èyí! Irin tó wà lẹ́nu yín yẹn, mẹ́kúrì ló wà nínú ẹ̀! Irin olómi inú gíláàsì tí wọ́n máa ń há sí wa lábíyá tí ibà bá ń ṣe wá láyé ọjọ́un, òun náà ni! Wọ́n ní ó ń mú kọ́wọ́ èèyàn gbọ̀n, kí iṣan le gbagidi. Ẹ lọ yọ ọ́ o! Ẹnu yín ti di àpótí irinṣẹ́!"

Aláago gbọ́ ọ, ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, aago tó bá ń lọ́ra, ìdọ̀tí kan ló wà níbì kan. Wá ìdọ̀tí náà rí, nù ún kúrò, aago á tún sáré. Ó wá rí ìdọ̀tí tirẹ̀ báyìí. Ó pe ilé ìtọ́jú eyín lọ́jọ́ náà gan-an.

Nílé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, òun àti ìyàwó rẹ̀ a máa jókòó sórí àga gígùn inú pálọ̀ láti gbàdúrà. Àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ àti ibi iṣẹ́ wọn, ó ku àwọn méjèèjì. Aláago a gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, a dijú. Nígbà náà ni àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ra ara wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yí orí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago láti wáìn ín. Kí àwọn ọmọ tó kúrò nílé ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wọn, wọ́n á ní, "Dádì ti tún ń wáìn aago!" Ìyá wọn á sì la ojú kan, á ní, "Bàbá wọn, ẹ fi aago sílẹ̀ jàre. Ọ̀run ò lo bátìrì." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, àdúrà á sì dẹnu kọlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kó wá ṣe eyín, ìyàwó rẹ̀ kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bo ọwọ́ náà mọ́lẹ̀, ó ń bá àdúrà lọ. Ìka ń rìn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí òròmọdìẹ tí wọ́n bò mọ́lẹ̀.

"Olúwa, ohun tí a ò fẹ́ rí, là wá lójú sí i," ó wí. "Kó o sì dúró tì wá tá a bá rí i tán."

Aláago ṣe àmín. Àmín náà kò kọjá ètè.

"Eyín yìí ni," ó wí bó ṣe ń dìde. "Tí wọ́n bá ti yọ irin inú ẹ̀, ó parí."

"Èmi á bá yín lọ."

"Kí lo fẹ́ wá ṣe? Ṣé wọ́n á yọ tìẹ náà ni?"

"Màá bá yín di báàgì mú."

"Mi ò ní báàgì."

"Màá mú tèmi dání."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ lọ. Yàrá dókítà eyín náà funfun báláú, ó ń ta sánsán bíi kánáfùrù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Dókítà fúnra rẹ̀ jẹ́ obìnrin tí kò ju àkọ́bí wọn lọ lọ́jọ́ orí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ó ní kí Aláago dùbúlẹ̀ lórí àga tó ń na ara rẹ̀ bí ológbò, ó tan iná sí i lẹ́nu, ó ń fi irin ṣóńṣó kan tẹ eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, ó ń bi í pé ṣé ó dùn ún. Ó ya àwòrán eyín náà, ó gbé e sójú ẹ̀rọ. Ìyàwó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà lórí itan rẹ̀.

"Bàbá, irin márùn-ún ló wà níbẹ̀," dókítà wí. "Mẹ́rin wà digbí. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere tó bá ti lọ. Ìkarùn-ún, tó wà lápá òsì nísàlẹ̀, etí ẹ̀ ti ṣí, oúnjẹ sì ń ráyè wọ abẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ló yẹ ká pààrọ̀."

"Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Májèlé ni."

Dókítà kò fi í ṣẹ̀sín. Ó fa àga kékeré rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, díẹ̀ bíńtín sì máa ń jáde. Àmọ́ ìgbà tí mo bá gbé ẹ̀rọ lé e tí mò ń gbẹ́ ẹ ló máa jáde jù. Màá sì tún gé lára eyín tó dáa dànù kí n tó rí i yọ, eyín ò sì ní hù padà níbi tí mo bá gé. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹnu yín ni, màá ṣe é tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ẹ kàn sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe fún yín fún mi."

Aláago ń wá bí yóò ṣe dáhùn, ó wá ṣàkíyèsí pé dókítà kò wo ẹnu òun mọ́. Apá àga ló ń wò, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sùn sí.

"Ó ti pẹ́ tọ́wọ́ yín ti ń ṣe báyìí?"

"Ọwọ́ kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ni, dókítà. Aago ni mò ń wáìn. Wọ́n ti mọ̀ mí mọ́ ọn nílé."

"Aago dà?"

Dókítà mú dígí kékeré onígi gígùn kan, ó nà án sí i. "Ẹ bá mi dì í mú." Aláago gbà á. Ọwọ́ náà dúró bí òpó.

"Ẹ ò rí i!" Ohùn rẹ̀ ti ga. "Gbọingbọin! Ṣé ọwọ́ tó ń ṣàìsàn ló rí báyìí?"

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Bàbá, kẹ́ ẹ fọwọ́ lé itan."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, àtàǹpàkò wá ìka ìfábẹ̀lá lọ, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀.

"Tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́, á dúró. Tó bá ń sinmi, á bẹ̀rẹ̀," dókítà wí jẹ́jẹ́. "Eyín lèmi mọ̀, mi ò ní dárúkọ àìsàn tí kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àti iṣan gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ yìí, ká tó fọwọ́ kan irin mẹ́rin tí ò ṣẹ̀ wá. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ti ní irú ẹ̀ rí?"

"Rárá," Aláago wí. Ó tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ṣí báàgì, ó tì í. Ó tún ṣí i, ó tún tì í.

Dókítà ní kó lọ ronú, kó pe òun tó bá ti pinnu: ẹyọ kan ni, àbí gbogbo ẹ̀.

Wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ti ń kó páìpù sínú ilẹ̀, wọ́n yẹ̀ fún omi ẹrẹ̀, wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù. Ìyá oníbúrẹ́dì kígbe pé, "Aláago, ẹ jẹ́ ká rí eyín tuntun náà o!" Ó juwọ́ sí i, ó wọlé. Ìyàwó rẹ̀ wọlé tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí àga oníbàárà.

"Ẹ purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ."

"Irọ́ wo?"

"Ti Bàbá yín."

Bàbá Aláago ló kọ́ ọ níṣẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ Aláago kí ọmọ rẹ̀ tó jogún orúkọ náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ẹnu ọ̀nà ilé ló máa ń jókòó sí, tí ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan, tí á máa wáìn aago tí ẹnikẹ́ni ò rí. Gbogbo ilé a máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Bàbá ti fẹ̀yìntì, ọwọ́ wọn ni ò tíì gbọ́." Ìgbà tó yá, ṣíbí kò dé ẹnu mọ́. Ìyá ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, omi ọbẹ̀ á máa ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀, Bàbá á sì kọjú sí ògiri kó má baà rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é ní àìsàn. Ọjọ́ ogbó àti iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Ògiri yẹn ni Aláago máa ń rí ní gbogbo àárọ̀ tí bọ́tìnnì bá ń bá a jà.

"Bàbá dàgbà ni," ó wí.

"Wọn ò tíì tó ọjọ́ orí yín yìí nígbà tó bẹ̀rẹ̀."

"Bóyá irin eyín ló ṣe tiwọn náà. Ta ló mọ̀?"

"Irin eyín bàbá wo?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó tún wálẹ̀. "Bàbá tó ń fi eyín ṣí ìgò fún gbogbo ilé? Tó ń fọ́ eegun tájá fi ń bá wọn ṣọ̀tá? Ẹ̀yin náà lẹ dìde níbi ìsìnkú tẹ́ ẹ ní bàbá yín ò mọ̀nà ilé dókítà eyín títí tó fi kú."

Aláago fa awò dúdú sójú, ó mú aago obìnrin kan tó ti ṣí nínú sílẹ̀, ó wọ inú iṣẹ́ bí ẹni sá wọ yàrá tó tilẹ̀kùn. Ọwọ́ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀mú gbé sukúrù, sukúrù wọ ihò rẹ̀, ó yí i, ó le. Ó fẹ́ sọ pé kó wò ó. Kò sọ ọ́. Ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ náà sórí aṣọ funfun, ó sì tẹrí ba wò ó láti inú awò.

Ìka náà tóbi níbẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó ń wò wọ́n bó ṣe máa ń wo aago oníbàárà, láìka ohun tẹ́ni tó ni ín bá ń sọ sí. Ó ti wáìn aago láti kékeré, kò sí bí wọ́n ṣe ń wáìn aago tí kò mọ̀: á máa lọ síwájú, á máa le, á dúró. Èyí ń lọ, ó ń bọ̀, kò le, kò dúró. Kò sí aago kankan láyé tí wọ́n ń wáìn báyìí. Ọwọ́ Bàbá náà ò wáìn aago rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Òun tó sì ń jẹ oúnjẹ òòjọ́ lórí mímọ ìyàtọ̀ ti jókòó tì í, ó ti bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n bá yọ irin márààrún, ó mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò máa sọ pé kí wọ́n ní sùúrù, májèlé náà kò tíì jáde tán lára. Yóò máa sọ ọ́ títí ṣíbí kò fi ní dé ẹnu.

"Olúwa," ó wí sínú aṣọ funfun náà.

Ìyàwó rẹ̀ kò ṣe àmín. Ó ń dúró kó parí àdúrà rẹ̀.

Aláago yọ awò lójú. Ó pe dókítà eyín. "Ẹyọ kan yẹn ni, dókítà. Tapá òsì. Ẹ jẹ́ kí mẹ́rin tó kù wà níbi tí wọ́n wà." Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un, ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún sí ìyàwó rẹ̀ lórí tábìlì, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa ṣe ohun tó ń ṣe.

"Tí wọ́n bá tún bi mí, màá tún ní rárá," ó wí. "Mo mọ ara mi. Dákun, bá mi lọ sílé ìwòsàn lọ́la, kó o bá mi sọ ti Bàbá fún wọn."