Ẹṣin tí Olúwafẹ́mi Fi Sílẹ̀

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó màlúù ló já Malik àti ẹṣin náà sílẹ̀ ní Tchaourou. Láti ibẹ̀ ló ti fẹsẹ̀ rìn, tó ń fa ẹṣin lọ́wọ́, títí ó fi dé Sanson. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ sì kún ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń ro oko iṣu lẹ́bàá ọ̀nà gbé ọkọ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ẹṣin lágbègbè ibẹ̀. Wọ́n kí i, ó dáhùn. Ó bèèrè ilé ìyá Olúwafẹ́mi, ọmọ ogun tó kú lẹ́nu iṣẹ́ lápá òkè, níhà àríwá. Wọ́n nawọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ó bá Àṣàkẹ́ níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Opó ni Àṣàkẹ́, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ti wà nílé ọkọ, ọ̀kan ní Parakou, èkejì ní Savè. Olúwafẹ́mi nìkan ni ọkùnrin tó bí. Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ni ìjọba gbé e wá fún un nínú pósí tí wọ́n ti kàn pa, tí àwọn ọmọ ogun sì yìnbọn sókè lójú oórì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Malik ni mí, ará Goro. Èmi àti Fẹ́mi la jọ wà níbi iṣẹ́."

"Mo mọ̀ ẹ́. Ó máa ń dárúkọ ẹ lórí fóònù." Àṣàkẹ́ gbójú sókè wo ẹṣin náà. "Èyí ńkọ́?"

"Ẹṣin Fẹ́mi ni."

"Fẹ́mi ò ní ẹṣin."

"Èyí tó ń gùn lẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n ti tú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin wa ká. Wọ́n ní ká pín àwọn ẹṣin fáwọn ará abúlé. Mo tọrọ èyí lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ó ní kí n máa mú un lọ."

"Kí ni kí n wá fi ṣe?"

Malik rò ó. Láti ìgbà tó ti gbéra, kò tíì rò ó débẹ̀. "N ò mọ̀, Màmá."

Àṣàkẹ́ bó ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó sọ ọ́ sínú abọ́. "So ó mọ́ ìdí igi kájú yẹn. Kó má jẹ àgbàdo mi o."

Ọjọ́ kejì ni Malik fẹ́ máa lọ sí Goro, níbi tí Nadia ìyàwó rẹ̀ àti Zoulfath ọmọ wọn wà. Wọ́n ti fún un ní ìsinmi gígùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé ẹṣin náà kò tíì ní ibi tí òjò kò ní pa á, ló bá gé igi, ó kọ́ àtíbàbà. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó lọ gé koríko. Lẹ́yìn náà, ó ní pátákò ẹṣin náà ti gùn jù. Ó ṣáà ń rí nǹkan ṣe. Tí fóònù rẹ̀ bá dún, á wo orúkọ Nadia títí á fi dákẹ́, á dá a padà sí ojú fèrèsé.

Kò banú jẹ́. Òun gan-an ti yẹ ara rẹ̀ wò, kò rí ìbànújẹ́ níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú tipiri tí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́, tí wọ́n á fọwọ́ kàn án tí kò ní mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ rí. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń kírun. Nígbà tí oko iṣu Àṣàkẹ́ kún fún koríko, ó gbé ọkọ́, ó bá a ro ó.

Àṣàkẹ́ pàápàá kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn obìnrin ìjọ sunkún títí ohùn wọn fi há. Òun kàn ń wo ẹnu wọn ni. Àwọn kan sọ pé ìyá náà le lọ́kàn. Ó gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹ iyán, ó bi Malik pé, "Kí lẹ máa ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Fẹ́mi á pè, á ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Malik wá sọ fún un. Ó ní nígbà òjò, alùpùpù máa ń rì sínú ẹrẹ̀ lápá ibẹ̀, ariwo rẹ̀ sì máa ń ta àwọn agbébọn inú igbó lólobó kí ọmọ ogun tó dé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wọn fi ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn Fúlàní àti Bàrùbá. Ó ní ẹni tó bá rò pé ẹṣin ló ń sin ọmọ ogun kò tíì ṣe é rí, ọmọ ogun ló ń sin ẹṣin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti kó wọn lọ mu omi. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọ̀bẹ yọ òkúta tó há sí pátákò, wọ́n á já eégbọn kúrò létí wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á di gàárì, tí wọ́n á máa lọ láti abúlé dé abúlé. Wọ́n á kí baálẹ̀, wọ́n á bi í bóyá àjèjì wọ ìlú, baálẹ̀ á ní rárá, wọ́n á padà sẹ́yìn. Itan á ti bó. Bí wọ́n bá dé, ẹṣin ló kọ́kọ́ ń jẹun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn fúnra wọn tó jẹ gàrí àti ẹ̀wà, tàbí sàdínì inú agolo.

"Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀, Màmá."

"Fẹ́mi ń ṣọ̀lẹ níbẹ̀?"

"Díẹ̀. Ó máa ń fi sàdínì tiẹ̀ bẹ̀ mí kí n bá a kó ìgbẹ́ ẹṣin."

Àṣàkẹ́ mi orí. "Òun náà nìyẹn. Kí lorúkọ ẹṣin yìí?"

"Símá. Òun ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọ̀ ẹ̀ dà bíi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ po."

"Ọjọ́ tó kú ńkọ́?"

"Kò gun ẹṣin lọ́jọ́ náà. Eèrí tí à ń fún wọn jẹ ti tán, ó bá ọkọ̀ lọ gbé òmíràn wá. Ọkọ̀ náà gun bọ́ǹbù tí wọ́n rì sójú ọ̀nà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà ní bùdó. A gbọ́ ọ, a sáré lọ. A gbé wọn." Malik bu òkèlè, ó fi run ọbẹ̀. "Nígbà tí a padà dé, àkókò omi ti tó. Mo kó àwọn ẹṣin lọ mu omi."

Àṣàkẹ́ dúró bóyá ó ṣì ku nǹkan tó fẹ́ sọ. Kò sí. Ó ti abọ́ ọbẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ìròyìn ẹṣin náà dé etí Chérifou ní Tchaourou. Àgbàlagbà ni, ó ti gun ẹṣin lọ sí ọdún Gààní, ọdún ẹlẹ́ṣin àwọn Bàrùbá, ní Nikki láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì ń wá ẹṣin tí ọmọ rẹ̀ máa gùn lọ́dún yìí. Ó gun alùpùpù wá sí Sanson. Ó yẹ eyín ẹṣin náà wò, ó fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mú un rìn lọ rìn bọ̀.

"Ẹṣin dáadáa ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n ariwo Gààní kì í ṣe kékeré. Kàkàkí, ìlù, ìbọn. Ẹṣin tó bá ń bẹ̀rù, á pa ẹni tó gùn ún. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Ó yá ṣakabùlà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ kan nílé kejì, ó lọ dúró sẹ́yìn ẹṣin níbi tí kò ti lè rí i, ó yìn ín sókè.

Adìyẹ fò. Ewúrẹ́ aládùúgbò já okùn. Ajọ̀ tó wà lọ́wọ́ Àṣàkẹ́ bọ́ sílẹ̀, gàrí dà nù. Símá ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Kò yí etí padà. Malik tó di okùn rẹ̀ mú kò ṣẹ́jú.

"Wàláhì!" Chérifou bú sẹ́rìn-ín. "Ẹṣin ogun nìyí! Màmá, ẹ dárúkọ ohun tí ẹ bá fẹ́ gbà."

Àṣàkẹ́ gbójú sókè. Ó wo ẹṣin. Ó wo Malik. Ó tún wo ẹṣin. Ìgbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kó gàrí kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alájì. Ara rẹ̀ ò yá."

"Ara ta ni? Ẹṣin yìí? Ara rẹ̀ yá ju tèmi lọ!"

"Ara rẹ̀ ò yá," ni Àṣàkẹ́ tún sọ. "Ẹ ò rí i ni?"

Chérifou gbìyànjú títí, kò gbà. Nígbà tí alùpùpù rẹ̀ ti lọ, Àṣàkẹ́ bi Malik pé, "O gbọ́ ìbọn yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ, Màmá."

"Àyà ẹ ò já?"

"Rárá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí fóònù dún lójú fèrèsé, Àṣàkẹ́ ló gbé e.

"Malik?" ni ohùn obìnrin náà wí.

"Màmá Fẹ́mi ni mí, ní Sanson. Ìwọ ni Nadia? Ọkọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Wá mú un."

Nadia rò pé ọkọ rẹ̀ ṣì wà lókè níbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun sẹ́mì, alùpùpù akérò, wá, ó pọn Zoulfath sẹ́yìn. Ó bá Malik níbi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ẹṣin, díẹ̀díẹ̀, láti ọrùn dé itan. Ó dúró, ó ń wò ó títí ó fi fọ ẹ̀gbẹ́ kan tán.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Malik yíjú. "Rárá."

"Kí ló wá dé?"

"N ò mọ ohun tí màá sọ tí mo bá délé."

"Ta ló ní kó o sọ nǹkan?" Nadia sún mọ́ ọn. Ó tú ọmọ sílẹ̀, ó nà án sí i. Malik gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó gba ọmọ náà. Zoulfath kò mọ̀ ọ́n mọ́, ó fi igbe ta. Malik dì í mú bí ẹni di ẹrù ẹlẹ́rù mú.

Àṣàkẹ́ se iṣu fún wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní kí wọ́n máa lọ kí òjò má bàa ká wọn mọ́nà. Malik bojú wo ìdí igi kájú.

"Máa lọ," ni Àṣàkẹ́ wí. "Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fún un lómi."

Ní Goro, Malik bá Nadia ro oko ẹ̀pà. Ó ń lọ sí mọ́sáláṣí, ó ń kí èèyàn. Zoulfath ti wá ń gbà kó gbé òun. Lóru, Nadia á fọwọ́ lé e láyà, á sì rí i pé kò sùn, ṣùgbọ́n kì í bi í.

Iṣu tuntun ti ń jáde nígbà tí Àṣàkẹ́ pè é. Ohùn rẹ̀ há débi pé Malik kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ni.

"Ó bẹ̀rù, Malik! Ẹṣin yẹn bẹ̀rù!"

Bàsíà irin ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àpáta. Símá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì iwájú sókè, ó já okùn, ó fọ́ ọgbà, ó gba inú oko ẹ̀pà onílé kejì kọjá wọ igbó. Àṣàkẹ́ sáré tẹ̀ lé e títí ìró fi tú nídìí rẹ̀. Ó bá a lábẹ́ igi èmì, ó ń gbọ̀n láti orí dé ìrù. Ó dì mọ́ ọrùn rẹ̀ kó má bàa sá mọ́, àyà ẹṣin náà sì ń lù kìkìkì mọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹkún ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ títí àwọn ará oko fi wá a wá.

Malik lọ sí Sanson. Igi ọgbà ti ya ẹṣin náà láyà. Ó fi omi iyọ̀ fọ ọgbẹ́ náà, Símá sì ń yẹra, awọ ara rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ Malik. Malik dúró, ó ń retí bóyá nǹkan kan á wá sínú òun náà. Kò sí nǹkan tó wá.

"Ó ń dùn ún," ló wí.

"Ó yẹ kó dùn ún," ni Àṣàkẹ́ dáhùn. Ojú rẹ̀ wú. "Ìwọ ńkọ́?"

"Kò tíì, Màmá."

Àṣàkẹ́ gba abọ́ omi iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ dà á nù.

Ìsinmi Malik parí, wọ́n pè é padà sí Parakou. Ó sọ fún dókítà àwọn ọmọ ogun bí ó ṣe rí lára rẹ̀, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Dókítà kò jẹ́ kí wọ́n dá a padà sókè. Wọ́n fi í sí ilé ẹrù, níbi tó ti ń pín bàtà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń lọ. Símá ṣì wà ní Sanson. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń yà wò ó, Àṣàkẹ́ sì ń lé wọn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Malik máa ń pe Nadia. Ní Jímọ̀ kan, Nadia sọ fún un pé Zoulfath ṣubú lórí àpótí, ètè rẹ̀ sì ya.

"Ẹ̀jẹ̀ jáde?"

"Ó jáde díẹ̀. Ó ti dá."

"Ó sunkún?"

"Ó sunkún gan-an."

"Ta ló gbé e?"

"Èmi ni mo gbé e. Ta ni ì bá tún gbé e?"

Malik jókòó lórí ìdì bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí Nadia tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tí àpótí wà, bí ọmọ náà ṣe gùn ún, ẹ̀gbẹ́ ètè tó ya. Nadia tún un sọ. Nígbà tó sọ ọ́ tán, kò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ mọ́, bí ó ṣe ń mí bí ẹni tí ẹkún fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló ń gbọ́. Kò pa fóònù. Malik náà kò pa á, títí owó inú fóònù rẹ̀ fi tán.