Etí Kan, Máìkì Kan

Yàrá náà kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn méjì lè tẹ́ ẹní sí lọ. Obìnrin tó ni ín ti fi fóòmù àtijọ́ bo ògiri, ó ta búláńkẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé kí ohùn má baà máa ta padà bíi bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ló ti ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Elétí-Ajá ni wọ́n ń pè é, torí bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ láàárín orin, á sọ ibi tó já sí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé láti oṣù méje tí àìsàn kan ti dá a wó, etí òsì rẹ̀ ti di. Dókítà ní kò lè là mọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, kò sọ fún ẹnì kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìlù lílù, wá lu ìlù sí orin akọrin kan tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jọ to ìlù náà: ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù, ìlù kékeré tó máa ń wà láàárín orúnkún, àti àwo idẹ méjì. Àyè tó kù kò gba àga. Obìnrin náà gbé máìkì méjì kọ́ sókè, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó fi òwú wọn bí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà sí ìlù kékeré, kí ọ̀kan má jìnnà ju èkejì lọ. Bí ohùn bá dé ọ̀kan ṣáájú èkejì, ńṣe ni wọ́n ń pa ara wọn jẹ, ìlù á sì gbẹ bí agolo.

Onílù lù ú. Obìnrin náà gbà á sílẹ̀, wọ́n sì jọ gbọ́ ọ.

"Àbúrò mi, ìlù yìí wọ́ sósì."

"Kò wọ́, Bùọ̀dá."

"Ó wọ́. Òsì ń pariwo, ọ̀tún ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́."

Obìnrin náà tún un ṣe lórí ẹ̀rọ, ńṣe ló tún burú sí i. Nígbà kẹrin, ó mú òwú láti tún máìkì wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lápá òsì rẹ̀, ó rọra bá a sọ̀rọ̀. Kò dáhùn. Ó tún un sọ. Kò dáhùn. Ó wá yí sápá ọ̀tún.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù méje."

"O ò sì sọ fún mi."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Etí ni mo fi ń jẹun. Ta ló máa gbé orin wá fún adití?"

Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn ìlù rẹ̀. Kò sọ pé kò burú, torí ó burú. "Ó dùn mí gan-an," ló sọ. Ó wo máìkì méjèèjì lókè. "Máìkì mélòó ni etí kan lè ṣọ́?"

"Ọ̀kan."

"Gbé ọ̀kan kalẹ̀, jẹ́ ká lo èkejì."

Ó ń lù, àbúrò rẹ̀ sì ń fi etí ọ̀tún wá ibi tí ohùn ti dára kiri yàrá. Lẹ́bàá ògiri, ìlù ńlá ń kùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Lókè lábẹ́ àjà, àwo idẹ ń gúnni létí. Àfi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn èjìká ọ̀tún onílù ni gbogbo rẹ̀ tò, tí ọ̀kan kò bo èkejì mọ́lẹ̀. Ó gbé máìkì síbẹ̀.

"Bùọ̀dá, mi ò ní lè fi ẹ̀rọ ya ìkankan sọ́tọ̀ mọ́ o. Ẹ rọra lu àwo idẹ, kí ẹ sì tẹ ìlù ńlá dáadáa. Ọwọ́ yín ni gbogbo rẹ̀ wà."

Ọkùnrin náà lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin náà sunkún nídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò pa ẹ̀rọ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó pe akọrin náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ etí rẹ̀ fún un kó tó fi ìlù tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Akọrin gbọ́ ọ, ó gbà á. Oníbàárà méjì mìíràn tó sọ ọ́ fún gbé iṣẹ́ wọn lọ ní oṣù yẹn. Kò bẹ̀ wọ́n. Bí iṣẹ́ bá gba máìkì méjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wá jókòó sápá òsì, á máa sọ ohun tó ń gbọ́ fún un.