Àwọ̀ Ìyeyè Lára Ogiri Màmá

Ẹni tó bá fẹ́ bá Fẹ̀hìntọlá jiyàn lórí ọ̀dà ní Kabba, àfi kó ti jẹun yó kó tó wá. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ilé kíkùn, láti ìgbà tí kò tíì lè dá àkàbà gbé. Bàbá ti kú, àmọ́ kò sí àdúgbò kan nílùú tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kò tíì fi rólà kan ogiri.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé ìyá rẹ̀, Màmá Monica, lọ sí Lọ́kọ́ja kí dókítà lè bá a yọ awọ funfun tó bò ó lójú, ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà bẹ̀bẹ̀ fún.

"Fẹ̀hìntọlá, yàrá mi ti dúdú jù. Bá mi kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n dáadáa. Òun ni mo fẹ́ kí ojú mi kọ́kọ́ rí tí mo bá délé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ó ti di ṣíṣe."

Ọpẹ́dayọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Ìyàrá, ló fẹ́ fi mọ́tò gbé Màmá lọ. Ó yọrí sínú yàrá, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Ra bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá kan. Kó ṣẹ́kù sàn ju kó má tó lọ."

Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín. "Èyí tó bá ṣẹ́kù á kàn dì sínú ike ni, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná."

Ó na téèpù. Ogiri gígùn méjì, mítà mẹ́rin mẹ́rin. Kúkúrú méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Yíká yàrá jẹ́ mítà mẹ́rìnlá, láti ilẹ̀ dé àjà sì jẹ́ mẹ́ta. Mẹ́rìnlá lọ́nà mẹ́ta, méjìlélógójì. Ó yọ àyè ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé méjèèjì kúrò, ó ku mẹ́tàdínlógójì. Lẹ́yìn náà ló fàtẹ́lẹwọ́ ra ogiri. Sìmẹ́ǹtì náà rí ṣákiṣàki, ó sì gbẹ bí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ti oko dé.

"Ká ní ogiri yìí dán ni, lítà kan á kun mítà mẹ́wàá. Èyí máa mu ọ̀dà gan-an, mẹ́jọ ni lítà kan máa kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì la sì máa kùn ún. Lítà mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ni yóò lọ sí i. Gálọ́ọ̀nù mẹ́ta, onílítà mẹ́rin mẹ́rin."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Bó ṣe dá mi lójú pé èmi ni Fẹ̀hìntọlá."

Ó bá wọn wọ mọ́tò dé Lọ́kọ́ja, ìyeyè pípọ́n kan wà nínú áńkáṣíìfù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti gba Màmá wọlé sí ilé ìwòsàn, ó gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń po ọ̀dà lọ. Ọkùnrin náà ń po, ó ń gbé èso náà tì í, títí ojú ò fi lè mọ èyí tó jẹ́ ọ̀dà yàtọ̀ mọ́.

"Àǹtí, ẹ ṣọ́ ọ lò o," ó kìlọ̀. "Tí ẹ bá tún padà wá, mi ò lè pò ó kó rí bákan náà láéláé."

Fẹ̀hìntọlá gbé gálọ́ọ̀nù mẹ́ta náà padà sí Kabba. Lọ́jọ́ kejì, ó ha ogiri, ó sì kùn ún lẹ́ẹ̀kíní. Ọ̀dà tó lọ sí i kò tó lítà márùn-ún, bí ó ṣe wí gẹ́lẹ́. Ó ṣí gálọ́ọ̀nù kẹta, kó lè pò ó mọ́ èyí tó kù nínú ìkejì, ó wá yà sẹ́yìn ilé láti lọ bu omi mu. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ gbàm!

Ewúrẹ́ Ìyá Testimony, aládùúgbò wọn, ló wọlé wá èèpo iṣu. Ó ti da gálọ́ọ̀nù kẹta nù pátá, ọ̀dà ń ṣàn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ìyá Testimony sáré dé, ó káwọ́ lórí, ó ń kí i kú ìyọnu.

"Okun o, Fẹ̀hìntọlá! Yéè! Ẹran yìí ti dójú tì mí!"

Ọ̀la ni Màmá ń bọ̀. Fẹ̀hìntọlá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ro ohun tí bàbá rẹ̀ ì bá ṣe. Ó ṣe díẹ̀, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó dìde, ó lọ wọn èyí tó kù. Lítà mẹ́ta péré.

"Ogiri tó ti mu yó lẹ́ẹ̀kan kì í mu bẹ́ẹ̀ mọ́," ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Lítà kan á kun mẹ́wàá báyìí. Mẹ́ta á kun ọgbọ̀n. Ó ku mítà méje tí ò ní rí ọ̀dà."

Ó wo àwọn ogiri lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọn èyí tí ilẹ̀kùn wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn tó yọ ilẹ̀kùn kúrò, méje ni. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ogiri ẹnu ọ̀nà máa funfun!"

"Funfun kẹ̀?" Ìyá Testimony ya ẹnu. "Ṣebí ìyeyè ni Màmá sọ."

"Ilẹ̀kùn Màmá dúdú, Ìyá Testimony. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ṣé kò yẹ kó tètè rí ibi tó máa gbà jáde?"

Ọ̀dà funfun tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ tó ṣe ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé wà nílé. Ìyá Testimony ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ń kun ogiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi funfun lé e, kí ìyeyè má baà yọjú lábẹ́ rẹ̀. Lórí àwọn ogiri yòókù, ó fi búrọ́ọ̀ṣì họ ìdí gálọ́ọ̀nù fún igun tó gbẹ̀yìn, ó sì tó o.

Nígbà tí Ọpẹ́dayọ̀ mú Màmá wọlé lọ́jọ́ kejì, ìyá náà bọ́ awò dúdú tó wà lójú rẹ̀. Kò tíì wo ogiri rárá. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Fẹ̀hìntọlá. Ìwọ lo ti dàgbà tó báyìí? O jọ bàbá rẹ ju bí mo ṣe rò lọ."

Omi lé ròrò sójú Fẹ̀hìntọlá. Màmá wá yí káàkiri yàrá, ó ń mi orí tayọ̀tayọ̀. Ó dé iwájú ogiri funfun, ó dúró.

"Eléyìí ńkọ́?"

Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Ilẹ̀kùn mi rèé gedegbe! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọwọ́ wá a."

Ọpẹ́dayọ̀ fẹ́ di apá rẹ̀ mú, àmọ́ Fẹ̀hìntọlá fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣọ. Màmá Monica rìn lọ tààrà, kò fọwọ́ kan ogiri kankan, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì kọjá sí ìta lọ kí àwọn aládùúgbò.