Búrẹ́dì Tó Hu Irùngbọ̀n

Bàbá Pọ́ǹpù já ewé efinrin wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò omi, ó sì koná mọ́ ọn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ẹ̀rọ omi ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹ̀rọ tó jókòó tì tí kò sọ àṣírí inú ara rẹ̀ fún un. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àgbọ̀n àwọn oníbàárà ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ tún ṣe.

Onígbàjámọ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó ń fi sípírítì nu kílípà, síbẹ̀ bó bá ti fá irùngbọ̀n tán, àgbọ̀n oníbàárà á sú. Sípírítì náà sì ń ta wọ́n bí ata, wọn kì í fẹ́ kó kan àwọn lára. Tíṣà, oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́, ti ní òun ò jókòó síbẹ̀ mọ́ títí àgbọ̀n òun á fi jinná. Ẹni mẹ́rin ti tẹ̀ lé e. Bí àga bá fi ṣófo dópin oṣù, ọmọ á ti ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Pọ́ǹpù po omi ewé náà mọ́ inú àlófẹ́rà tó ń yọ̀. Ó fi ọwọ́ tí kò fọ̀ pa búrẹ́dì méjì, ó fi oògùn ra ọ̀kan, ó sì dé wọn sínú ife, kó lè mọ̀ bóyá oògùn náà á pa kòkòrò tó wà lọ́wọ́ òun. Nígbà tó dọjọ́ karùn-ún, méjèèjì ti bu.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Onígbàjámọ̀, oníbàárà tuntun dé o! Búrẹ́dì yín ti hu irùngbọ̀n."

"Máa rín mi. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba."

"Kó tó pè é, ilé ti wòsàn ná. Òórùn ewé yẹn gba gbogbo yàrá, ẹ̀fọn ti kó lọ bá aládùúgbò."

Bàbá Pọ́ǹpù dúró gbagidi. Òórùn! Ibẹ̀ gan-an ni agbára ewé wà, òun sì ti sè é dà sáfẹ́fẹ́. Pọ́ǹpù tó ń jò kì í fa omi.

Ó gbé abọ́ kan sórí òkúta láàárín ìkòkò, ó da ewé àti omi yí i ká, ó dojú ìdérí dé e, ó kó omi dídì lé e lórí, ó sì koná sí i. Ooru gòkè, ó kan irin tútù, ó di omi, ó ń kán sínú abọ́: tó, tó, tó. Bàbá tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ orin.

Èyí ló wá pò mọ́ àlófẹ́rà, ó sì tún fi búrẹ́dì méjì mìíràn dán an wò. Lọ́jọ́ karùn-ún, búrẹ́dì kan hu irùngbọ̀n, èkejì tó fi oògùn ra mọ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó fi pa apá ara rẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, kò yún un. Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ tó gbé agolo kékeré kan lọ bá Tíṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi pa o."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Tíṣà já wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ ti sọ mí di ènìyàn méjì! Ẹ fún mi ní ti ẹ̀gbẹ́ kejì!"

Lọ́jọ́ tí oṣù parí, Tíṣà ló wà lórí àga, àgbọ̀n rẹ̀ ń dán. Àwọn mẹ́rin yòókù tò sórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá mi," ni ọmọ wí, "láti òní lọ, ọ̀fẹ́ ni màá máa gẹrun yín."

Bàbá Pọ́ǹpù fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ti pá láti ogún ọdún. "O ṣeun, ọmọ mi," ó ní, ó sì lọ jókòó sí ìparí ìlà, ó ń dúró kó kan òun.