Mọtẹ́ẹ̀ Tí Wọ́n Ń Pè ní Damien

Kí Anicet tó já láti orí ọ̀pẹ, apá rẹ̀ ló fi ń jẹun. Á gun ọ̀pẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á pẹja nígbà òjò, tí adágún ìsàlẹ̀ Ìgànná bá ti kún dé ẹ̀yìn ilé. Lọ́jọ́ tí igbà já mọ́ ọn lára, èjìká ọ̀tún ló fi gbalẹ̀. Wọ́n to eegun, wọ́n fi òrí pa á títí ó fi jinná, ṣùgbọ́n apá ọ̀hún ò gbé kọjá àyà mọ́. Ta ni yóò fi apá kan ṣoṣo tukọ̀, tí yóò tún fi í na àwọ̀n?

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Damien, tó ń gbé ní Lyon nílẹ̀ Faransé, fi mọtẹ́ẹ̀ kan, ẹ̀rọ ìtukọ̀, ránṣẹ́ sí i. Kì í ṣe irú èyí tó ń mu epo, tó ń pariwo. Bàtìrì ló ń lò, iwájú ọkọ̀ ni wọ́n dè é mọ́, abẹ̀bẹ̀ kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú omi. GPS ara rẹ̀ ń gba ọ̀rọ̀ láti ojú sánmà, kò sì sígbà tí kò mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Bí Anicet bá tẹ bọ́tìnnì kan, ọkọ̀ á dúró lójú kan láìsí ìdákọ̀ró. Atẹ́gùn ì báà fẹ́, omi ì báà tì í, abẹ̀bẹ̀ á yí díẹ̀ sọ́tùn-ún, á yí díẹ̀ sósì, á dá a padà sí àyè rẹ̀.

Àwọn ará èbúté sọ mọtẹ́ẹ̀ náà ní Damien. Tí wọ́n bá rí Anicet tó ń lọ, wọ́n á ní, "Damien ti gbé e." Anicet á rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrin rèé; ẹ̀rín náà ti ń kúrú.

Ìdí ni pé kò sí àárọ̀ kan tí Damien gan-an kì í pè láti Lyon. "Omi ńkọ́? Kí lo rí pa? Ya fọ́tò rẹ̀ fún mi." Lọ́dún tó kọjá, ibà dá Anicet gbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó ń ṣọ́ mọtẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Victorine, ìyàwó Anicet, ti ṣí ẹbu, ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, sí Ṣakétẹ́, àwọn ọmọ wọn sì ń lọ sílé ìwé níbẹ̀. Anicet nìkan ló ń sùn ní Ìgànná, àfi tó bá di ọjọ́ Sátidé tó bá gun ọ̀kadà zémì lọ bá wọn. Omi ti sú u. Òórùn ẹja ti sú u.

"Wá bá mi dáná ẹbu," ni Victorine máa ń wí. "Iná kì í béèrè apá gígùn lọ́wọ́ èèyàn."

Ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó gbé e dìde pé ibi tó gbé òun sí ti sú òun?

Nínú oṣù kẹjọ, Damien wálé fún fakáńsì, ìyẹn ìsinmi. Ọjọ́ kejì tó dé ló yọ pọtábù, fóònù rẹ̀, jáde, tó fi mọtẹ́ẹ̀ tuntun kan han Anicet.

"Wò ó. Ó lágbára ju tìẹ lọ. Á máa fi ìsàlẹ̀ omi hàn ẹ́ lójú dígí, àti ibi tí ẹja wà. Ó sì ń bá pọtábù sọ̀rọ̀. Tó o bá wà lórí omi, èmi náà á máa rí ẹ láti Lyon, bí àmì pupa báyìí." Ó fi ìka kan àmì náà. "Ṣé ká gbà á, àbí èyí tó wà ti tó? Ìwọ ló ni omi, ìwọ ni kó o pinnu. Sọ fún mi kí n tó padà."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó rò ó títí orí fi ń fọ́ ọ. Tó bá gbà á, ọdún márùn-ún míì nìyẹn lórí omi. Tó bá kọ̀ ọ́, aláìmoore ni. Ìyá wọn, Claudine, ti gbọ́. "Wọ́n fún ẹ lẹ́sẹ̀, o ní o ò fẹ́ rìn?" Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà wí, kò sì gbé ojú sókè níbi ẹ̀gẹ́ tó ń bó.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí Damien padà nígbà tí àwọn méjèèjì jọ wọ omi. Àárọ̀ náà dára, epìyà ń jẹ ìwọ̀. Nígbà tó yá, atẹ́gùn yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti koríko orí omi bọ̀ láti òkè adágún, koríko náà ṣù bí erékùṣù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúrò níbí."

"Kí la fẹ́ kúrò fún? Ẹja wà níbí. Ṣebí mọtẹ́ẹ̀ ń dì wá mú?"

Òótọ́ ni, ó ń dì wọ́n mú. Koríko ń tì wọ́n, mọtẹ́ẹ̀ ń dá wọn padà, títí tí koríko fi yí wọn ká lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí Anicet máa fi pa á, gbòǹgbò koríko ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ gírígírí, bàtìrì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ó fi ọwọ́ òsì gé, ó gé, ó rẹ̀ ẹ́. Damien mú àjẹ̀, àjẹ̀ ò rí omi kàn. Èèyàn ò lè rìn lórí koríko, kò sì lè lúwẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Anicet pe Dúrótìmí, ọlọ́kọ̀ èbúté. Ìyẹn ní òun wà ní ọjà Pọ́bẹ̀, àfi ìrọ̀lẹ́.

Oòrùn dúró lé wọn lórí. Wọ́n ń pín omi mímu tó wà nínú ìgò kan. Damien ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Mọtẹ́ẹ̀ tuntun ì bá ti já koríko yìí."

Anicet gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu.

"Inú oṣù kẹwàá ló máa dé Kútọnu."

"Kí ló máa dé Kútọnu?"

Damien wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo ti rà á, àbúrò. Ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi látọjọ́ tí mo ti kúrò ní Lyon. Mo kàn fẹ́ kó dà bíi pé ìwọ lo sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Anicet kò fi rí oorun sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí! Ó gbé ìgò omi sílẹ̀.

"N ò fẹ́ ẹ," ó ní. "N ò fẹ́ tuntun, n ò fẹ́ tàtijọ́. Ṣakétẹ́ ni mo fẹ́ máa gbé, lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣeun títí láé. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ yìí ti so mí lẹ́sẹ̀."

Ó rò pé ariwo ni yóò tẹ̀ lé e. Damien da díẹ̀ nínú omi ìgò sí ojú.

"Àjà kẹfà ni mò ń gbé," ó ní. "Orúnkún mi ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Lọ́jọ́ míì n kì í sọ̀kalẹ̀ rárá. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí níbì kankan. Tó bá di àárọ̀, fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ ni mo fi ń jí. Nínú ọkọ̀ yìí nìkan ni mo ṣì ti wà nílé."

Ó kúkú sàn kó bú òun, Anicet rò ó lọ́kàn. Ìbínú ì bá ti tú u sílẹ̀.

Agogo márùn-ún ku díẹ̀ ni Dúrótìmí dé, ó ń fi àdá la ọ̀nà bọ̀. Ó so okùn mọ́ ọkọ̀ wọn, ó fà wọ́n. Ó ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Damien padà sí Lyon, wọn ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Mọtẹ́ẹ̀ dé nínú oṣù kẹwàá. Victorine wò ó nínú àpótí rẹ̀. "Kí lo máa ṣe sí i?" Anicet ti àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó ṣe ọ̀sẹ̀ kan, òun fúnra rẹ̀ so ó mọ́ iwájú ọkọ̀, ó sì jẹ́ kí ó máa bá pọtábù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ló ń fi wọ omi láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, á fi ọ̀rá bo mọtẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, á gba Pọ́bẹ̀ lọ sí Ṣakétẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó wà nídìí iná ẹbu nígbà tí Damien pè.

"Ọkọ̀ ò kúrò ní èbúté."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣakétẹ́ ni mo wà."

Anicet ti igi kan sínú iná.

"Ìgbà wo lo máa padà?" ni Damien béèrè.

"Ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé," ni Damien wí, ó sì gé ìpè náà. Anicet fi pọtábù sí àpò, ó mú igi, ó ń ro epo. Nígbà tó di Ẹtì, lákòókò kan náà, pọtábù tún ké. Victorine wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó wò ó bóyá yóò gbé e tàbí kò ní gbé e.

Ó gbé e.